Ẹran Rogodo ti Swídìn Nínú Ìkòkò Oníná Jẹ́jẹ́

Ẹran lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ búrẹ́dì, ẹyin àti àlùbọ́sà, tí wọ́n ṣù ní rogodo, tí wọ́n dín nínú bọ́tà títí ó fi pọ́n, tí wọ́n sì fi ọbẹ̀ oníkírímù jẹ, ni oúnjẹ tí àwọn ará Swídìn ń pè ní köttbullar. Ní Swídìn fúnra rẹ̀, páànù ìdínran lórí sítóòfù ni wọ́n fi ń sè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ ojúmọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n tètè délé, ló gbé e wọ inú ìkòkò oníná mànàmáná tí àwọn olùtajà ń pè ní slow cooker, èyí tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ìkòkò oníná jẹ́jẹ́, nítorí pé iná rẹ̀ kì í le, ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí se ohun tí sítóòfù lè parí láàárín wákàtí kan. Oúnjẹ náà rọrùn lóòótọ́, ó sì yẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwọn tó ń polówó ìkòkò náà ń sọ, pé kí ènìyàn da gbogbo nǹkan sínú rẹ̀ kí ó sì gbàgbé. Àkókò ni ìkòkò yìí ń bá alásè rà, kì í bá a wá adùn. Adùn oúnjẹ náà wà lọ́wọ́ ohun tí alásè bá ṣe kí ó tó dé ìkòkò lérí, àti ohun tí ó bá ṣe ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

Ìwé ìdáná tí Cajsa Warg, obìnrin tó bójú tó ilé ìdáná àwọn ọlọ́lá ní Stockholm, gbé jáde ní ọdún 1755 wà lára àwọn ìwé Swídìn àtijọ́ tí a ti lè rí ìlànà ẹran rogodo. Ìtàn kan tún wà tó fa orírun oúnjẹ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì: Ọba Charles Kejìlá ti Swídìn, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ṣẹ́gun rẹ̀ ní Poltava ní ọdún 1709, sá lọ sábẹ́ ààbò ìjọba Ottoman, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1714 kí ó tó padà sílé. Ní ọdún 2018, ìkànnì tí orílẹ̀-èdè Swídìn fi ń ṣojú ara rẹ̀ lórí Twitter kéde pé láti ibẹ̀ ni ọba náà ti mú ìlànà ẹran rogodo bọ̀. Inú àwọn ará Tọ́kì dùn, àwọn ará Swídìn kan sì gbà á bí ẹni tí wọ́n gba ogún ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin kò sí lẹ́yìn ìtàn yìí, kò sì sí ilẹ̀ tó ń jẹ ẹran tí kò lè fúnra rẹ̀ ronú àtilọ̀ ọ́ kí ó sì ṣù ú. Ohun tó dájú ju èyí lọ ni pé ẹran rogodo kò di oúnjẹ mẹ̀kúnnù ní Swídìn àfi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹ̀rọ ìlọran àti sítóòfù onírin wọ inú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí kò sì pọn dandan mọ́ kí obìnrin máa fi ọ̀bẹ gé ẹran wẹ́wẹ́ fún odidi wákàtí kan. Láàárín ìgbà yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó lé ní mílíọ̀nù kan ará Swídìn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú wọn sì tẹ̀dó sí Minnesota àti Illinois, wọ́n sì gbé oúnjẹ ilé wọn dání.

Ẹni tó sọ oúnjẹ náà di ti gbogbo ayé ni IKEA, ilé-iṣẹ́ tó ń ta àga àti tábìlì, tí Ingvar Kamprad dá sílẹ̀ ní ọdún 1943. Láti ọdún 1985 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń ta ẹran rogodo fún àwọn tó bá wá ra ọjà, kí ebi má baà lé wọn padà sílé kí wọ́n tó rajà tán. Nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ó ti àwọn ilé ìtajà rẹ̀ ní ọdún 2020, ó gbé ìlànà kan jáde tí ẹni tó wà nílé lè tẹ̀ lé, ìwọ̀n àwọn èròjà inú ìlànà yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí sì fi ṣe ìpìlẹ̀, nítorí pé ó rọrùn, ó sì sún mọ́ ohun tí wọ́n ń sè nílé ní Swídìn.

Kí a tó dé orí ẹran, ó yẹ kí a mọ ìkòkò tí yóò gbà á. Irving Naxon, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Chicago tó jẹ́ ọmọ Júù, ló ṣe irú ìkòkò yìí, ó sì gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní ọdún 1940. Ìtàn tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ló fún un ní èrò náà: ní ìlú Vilna ní Lithuania, níbi tí ìyá náà ti dàgbà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń gbé ìkòkò ẹ̀wà àti ẹran, tí wọ́n ń pè ní cholent, lọ sí ààrò oníbúrẹ́dì, kí ooru tó kù nínú ààrò náà lè máa sè é mọ́jú, nítorí pé òfin Sábáàtì kò gbà kí Júù dáná. Ní ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Rival ti Kansas City ra iṣẹ́ Naxon, ó tún ìkòkò náà ṣe, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1971 pẹ̀lú orúkọ Crock-Pot, ní àkókò tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ níta ilé túbọ̀ ń pọ̀ sí i.

Bí ìkòkò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Ìkòkò amọ̀ nípọn, tí wọ́n sun tí wọ́n sì kùn kí ó máa dán, ni ó wà nínú, àgbá onírin kan sì yí i ká, inú ògiri àgbá yìí sì ni wáyà tó ń gbóná wà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ooru ti máa ń wọ inú oúnjẹ ju ìsàlẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ kì í fi tètè jóná nídìí rẹ̀. Iná mànàmáná tó ń jẹ kì í sábà ju 300 watts lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí họ́típlẹ́ẹ̀tì ń jẹ. Àmì méjì, Low àti High, ni ó wà lára bọ́tìnì rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ìkan gbóná ju ìkejì lọ títí dópin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àwọn méjèèjì máa ń gbé oúnjẹ dé etí híhó omi, ìyàtọ̀ wọn kò ju pé High máa ń tètè dé ibẹ̀. Ìdérí dígí rẹ̀ ni ó ń ká ooru omi mọ́, tí omi náà yóò sì tún kán padà sínú oúnjẹ, nítorí náà omi kì í fà nínú rẹ̀ bí ó ti ń fà lórí sítóòfù. Ẹni tó bá sì ń ṣí i wò lóòrèkóòrè yóò pẹ́ kí ó tó jẹun, torí pé gbogbo ìgbà tí ó bá ṣí i, ìkòkò náà yóò nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 láti rí ooru tó sọnù gbà padà.

Òwe àwọn àgbà tó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ bá irú iná yìí mu tó bá jẹ́ ẹran tó ní iṣan, irú èyí tí wọ́n gé láti ẹsẹ̀ tàbí èjìká màlúù, nítorí pé ooru díẹ̀ tó pẹ́ ló ń yọ́ iṣan náà. Ẹran lílọ̀ kò nílò ìyẹn, ẹ̀rọ ti bá a gé gbogbo iṣan rẹ̀ kí ó tó délé. Lójú ìmọ̀ ìdáná nìkan, a lè sọ pé ẹran rogodo kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ìkòkò oníná jẹ́jẹ́, yàtọ̀ sí pé ọbẹ̀ àti ẹran yóò ní àyè láti wọ ara wọn lára, àti pé ẹni tó sè é yóò lè wà níbòmíràn nígbà tí ó ń jinná. Ohun kan sì wà tí ìkòkò náà kò lè ṣe láé: kò lè mú kí ara ẹran pọ́n. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú àti òórùn dídùn tí ẹran dídín máa ń ní ń wá láti inú ìpàdé ṣúgà àti èròjà amúaradàgbà, èyí tí onímọ̀ kẹ́místrì ará Faransé, Louis-Camille Maillard, ṣàlàyé ní ọdún 1912. Ìpàdé yìí kì í yára àfi tí ojú ẹran bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 140 Celsius, bẹ́ẹ̀ omi tó ń hó kì í kọjá 100. Ẹran tí wọ́n kó sínú ọbẹ̀ ní tútù yóò jinná, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá, yóò sì máa rùn bí ẹran bíbọ̀.

Fún ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́fà, ìlànà IKEA gba 500 gíráàmù ẹran màlúù lílọ̀ àti 250 gíráàmù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀, àlùbọ́sà kan tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ẹ̀là aáyù kan, 100 gíráàmù èérún búrẹ́dì, ẹyin kan, ṣíbí ìjẹun márùn-ún mílíìkì, iyọ̀ àti ata. Ẹran màlúù ló ń fún un ní adùn, ọ̀rá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí ó gbẹ. Mùsùlùmí tàbí ẹlòmíràn tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè fi ẹran màlúù nìkan ṣe é, kìkì pé kí ó ra èyí tó ní ọ̀rá díẹ̀, kí ó má ra èyí tí wọ́n ti ṣá gbogbo ọ̀rá rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ilé ní Swídìn tún máa ń fi ata funfun àti allspice sí i, ìyẹn èso kékeré gbígbẹ kan tó wá láti Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù àyíká rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n po kànáfùrù mọ́ ariwó àti sínámọ́nì. Ìdajì ṣíbí kékeré ti tó, nítorí pé bí ó bá pọ̀, òun nìkan ni ẹnu yóò máa gbọ́.

Búrẹ́dì inú ẹran yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú tín-ín-rín jù, wọ́n rò pé owó ẹran ni ẹni tó fi sí i ń wá ọ̀nà láti dín kù. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe. Bí ẹran bá ti ń gbóná ni àwọn okùn inú rẹ̀ ń sún kì, tí wọ́n sì ń fún omi ara wọn jáde; èérún búrẹ́dì tó ti mu mílíìkì máa ń wà láàárín àwọn okùn náà, kì í jẹ́ kí wọ́n so pọ̀ le, ó sì ń gba omi tó bá jáde mọ́ra. Nítorí náà ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ èérún búrẹ́dì náà sínú mílíìkì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n fi mílíìkì kún un bí ó bá ṣì gbẹ, títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ tó nípọn, kí wọ́n tó da ẹran àti àwọn tó kù lé e. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi pò ó, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró ní kété tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọ ara wọn, torí pé ẹran tí wọ́n pò jù yóò le bí rọ́bà. Kí wọ́n wá fi omi tútù ra ọwọ́ kí ó má baà lẹ̀, kí wọ́n ṣù ú níkọ̀ọ̀kan kí ó kéré díẹ̀ sí àgbálùmọ̀, kí wọ́n tò ó sórí àwo, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n sì gbé e sínú fìríìjì. Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ tó ṣáájú. Ẹran tó sùn nínú fìríìjì á ti gan díẹ̀, kò sì ní fọ́ nínú páànù.

Dídín rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òwúrọ̀, kò sì yẹ kí ó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nígbà tí bọ́tà pẹ̀lú òróró díẹ̀ bá yọ́ tán nínú páànù, yóò kọ́kọ́ hó, yóò máa pariwo, nítorí omi inú bọ́tà ló ń jáde. Ìgbà tí ìfófòó náà bá rọlẹ̀ tí òórùn rẹ̀ sì yí padà di ti ẹ̀pà yíyan ni ó tó àkókò láti kó ẹran sí i. Kí àyè wà láàárín ẹran kan àti èkejì, nítorí pé bí wọ́n bá há, omi ara wọn ni wọn yóò máa hó nínú rẹ̀. Kí wọ́n máa mi páànù náà kí àwọn rogodo náà lè máa yí, títí gbogbo ara wọn yóò fi pọ́n. Kò pọn dandan kí inú wọn jinná. Ibì kan wà tí ó yẹ kí alásè ṣọ́ra gidigidi: kò gbọ́dọ̀ dín ẹran náà lálẹ́ kí ó wá fi í sílẹ̀ ní àìjinná di òwúrọ̀, nítorí pé ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà láàárín ìwọ̀n 4 àti 60 Celsius ni kòkòrò àrùn fẹ́ràn jù, dídín díẹ̀ náà kò sì tó láti pa wọ́n. Láti páànù, tààrà sínú ìkòkò ni.

Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí páànù kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Kí wọ́n bu omi ẹran gbígbóná, nǹkan bí 400 mìlílítà, sínú páànù náà, kí wọ́n fi ṣíbí onígi ha ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi ṣíbí kékeré méjì soy sauce àti ṣíbí kékeré kan mustard sí i, kí wọ́n sì dà á lé ẹran tó ti wà nínú ìkòkò. Soy sauce yìí kì í ṣe ti àwọn ará Ṣáínà nìkan. Ó wà nínú ìlànà IKEA pàápàá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí ọbẹ̀ dúdú díẹ̀ kí adùn ẹran inú rẹ̀ sì jinlẹ̀. Omi náà kò ní bo gbogbo ẹran, kò sì yẹ kí ó bò ó, nítorí kò sí ibi tí yóò fà lọ. Bíbu tí wọ́n bu omi náà ní gbígbóná ṣe pàtàkì, nítorí òun ni yóò ran ìkòkò lọ́wọ́ láti kọjá ibi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ eléwu yẹn kíákíá.

Lórí Low, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ti tó; lórí High, wákàtí méjì àbọ̀. Inú rogodo tó tóbi jù gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 71 Celsius, èyí tí àwọn aláṣẹ ètò oúnjẹ ní Amẹ́ríkà là kalẹ̀ fún ẹran lílọ̀. Níbi yìí ni ìpolówó àti òtítọ́ ti ya ara wọn: ẹni tó bá jáde nílé ní aago méje òwúrọ̀ tí kò sì padà títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ yóò bá ẹran tó ti rọ̀ kọjá ààlà, tó ń fọ́ lábẹ́ ṣíbí. Ìkòkò tó ní aago lára, tí yóò fúnra rẹ̀ yí padà sí Warm nígbà tí wákàtí bá pé, ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé Warm kì í sè mọ́, ó kàn ń mú kí oúnjẹ wà lókè ìwọ̀n 60 ni. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ kò ní aago á ṣe dáadáa bí ó bá fi oúnjẹ yìí sí ọjọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé tàbí ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdajì. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń ṣẹ́jú, bí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, ìkòkò yìí kò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó. Oúnjẹ tí iná lọ mọ́ lára nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, tí kò sí ẹni tó mọ iye wákàtí tó fi wà bẹ́ẹ̀, dídà ni wọ́n ń dà á nù, bó ti wù kó máa ta sánsán tó.

Kírímù ló kù. Bí wọ́n bá dà á sínú ìkòkò láti òwúrọ̀, ooru ọ̀pọ̀ wákàtí yóò mú kí ó dì wínníwínní, omi yóò sì ya kúrò lára ọ̀rá, ọbẹ̀ náà yóò wá dà bí wàrà tó bàjẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun ni àkókò rẹ̀. Kí wọ́n fi omi tútù díẹ̀ po ṣíbí ìjẹun méjì kọnfuláwà títí kókó kankan kò fi ní sí i, kí wọ́n rò ó mọ́ 150 mìlílítà kírímù tó lọ́ràá dáadáa, kí wọ́n dà á sínú ìkòkò, kí wọ́n yí i sí High, kí wọ́n sì dé e. Kírímù tó lọ́ràá kì í tètè dì bí mílíìkì lásán, nítorí náà owó tí ènìyàn bá fẹ́ ṣọ́ kì í ṣe níbí. Bí ọbẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, ó ti tó.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọ̀nà àbùjá méjì tó gbajúmọ̀. Èkínní ni kí wọ́n ra ẹran rogodo tí ilé-iṣẹ́ ti sè tó sì ti dì sínú fírísà. Èkejì ni kí wọ́n da agolo ọbẹ̀ olú, irú èyí tí Campbell ti ń tà láti ọdún 1934, sí i dípò kírímù. Ti àkọ́kọ́ kò burú, nítorí ẹran náà ti pọ́n, ó sì ti jinná kí ó tó délé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sàn kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ó yọ́ nínú fìríìjì. Ti agolo ọbẹ̀ olú rọrùn lóòótọ́, kì í sì í dì, àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, adùn olú á sì bo ti ẹran àti ti allspice mọ́lẹ̀. Oúnjẹ gidi ni ohun tí yóò tibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Swídìn mọ́.

Ànàmọ́ òyìnbó, yálà bíbọ̀ tàbí gígún, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Swídìn, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn núdù gbọọrọ tí wọ́n fi ẹyin ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kùkúńbà tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ọtí kíkan, ṣúgà àti iyọ̀ rẹ, pẹ̀lú jáàmù lingon. Lingon jẹ́ èso pupa wínníwínní tó kan, tó ń hù nínú igbó Swídìn, níbi tí òfin ti gba ẹnikẹ́ni láàyè láti já a láìka ẹni tó ni igbó náà sí. Kì í tètè bàjẹ́, nítorí pé èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń dènà ìbàjẹ́. Àjèjì lè rò pé jáàmù lórí ẹran jẹ́ àṣejù, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ ni ó ń gé ọ̀rá ọbẹ̀ náà, oúnjẹ náà kò sì pé láìsí i. Níbi tí kò bá ti sí, jáàmù cranberry, tí ó wọ́pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, lè rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wọ fìríìjì kí wákàtí méjì tó pé, yóò sì dára fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Orí sítóòfù ni kí wọ́n ti gbé e gbóná, lórí iná díẹ̀, pẹ̀lú omi tàbí mílíìkì díẹ̀ tí wọ́n bù sí i. Kí wọ́n má ṣe dá a padà sínú ìkòkò oníná jẹ́jẹ́, nítorí pé ìkòkò náà kì í gbé oúnjẹ tútù gbóná yára tó.